Ẹ Bi Àǹtí: Ọmọ Mi Fẹ́ Sanwó Kó Lọ Tọ́ Ọmọ Kìnnìún

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé, ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ lọ ṣe fọlọ́ńtíà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko ìgbẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí òun ló ká mi lára jù.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Peckham níbí ni mo ń gbé pẹ̀lú àwọn ọmọ mi. Àbígbẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí A-level, ọdún tó ń bọ̀ ló máa wọ yunifásítì, ó wá ní kóun tó wọlé òun fẹ́ lọ ṣe fọlọ́ńtíà ní South Africa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi fọ́tò hàn mí, àwọn ọmọ òyìnbó gbé ọmọ kìnnìún sáyà bí ìgbà téèyàn gbé ọmọ tuntun, wọ́n ń fún un ní fídà. £1,900 ni wọ́n ń gbà, owó bàálù ò sí nínú ẹ̀ o. Wọ́n ní àwọn ọmọ kìnnìún yẹn ò níyàá, pé tí wọ́n bá dàgbà wọ́n á dá wọn padà sínú igbó. Bàbá ẹ̀ ní tó bá jẹ́ àánú lọmọ fẹ́ lọ ṣe, owó ò tó nǹkan. Èmi ò kàn rí i kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Kí lẹ rí sí i?
Ìyá kan ní Peckham, London

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ kọ̀wé kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọkàn yín ò tàn yín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ kẹ́ ẹ bèèrè ni pé, níbo làwọn ìyá wọn wà? Abo kìnnìún lè kú kó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ibì kan bá ń rí ọmọ kìnnìún aláìníyàá tuntun lóṣooṣù, tó jẹ́ pé kò sọ́jọ́ tí fọlọ́ńtíà á dé ibẹ̀ tí ò ní bá ọmọ kìnnìún tó máa gbé, a jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń bí wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọgbà yìí, wọ́n á já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú ìyá ẹ̀ nígbà tí ò tíì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Oyún kìnnìún ò ju nǹkan bí àádọ́fà ọjọ́ lọ, nínú igbó abo kìnnìún á tọ́ ọmọ ẹ̀ fún bí ọdún méjì kó tó tún bí òmíràn, àmọ́ tí wọ́n bá ti gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀, kì í pẹ́ rárá tó fi máa tún gba akọ, wọ́n á tún gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá bí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe é lọ títí ara ẹ̀ á fi gbó. Ẹ̀yin náà bímọ, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ kìnnìún ọ̀hún ò sì ní wà ní kékeré. Láàárín oṣù mélòó kan ó ti kọjá ohun téèyàn ń gbé sáyà, wọ́n á wá máa gbowó lọ́wọ́ àwọn àlejò kí wọ́n bá a rìn kiri nínú pápá. Tó bá tún kọjá ìyẹn ńkọ́? Kìnnìún tí wọ́n fi fídà tọ́ ò ṣeé dá padà sínú igbó, kò rí ẹni kọ́ ọ lọ́dẹ, kò bẹ̀rù èèyàn, àwọn kìnnìún tó nilẹ̀ níbẹ̀ gan-an ò sì ní gbà á láàyè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta ọ̀pọ̀ nínú wọn fún àwọn olówó tó ń wá láti ìlú òkèèrè wá yìnbọn pa kìnnìún, inú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká ni o, ẹranko ò ríbi sá gbà, wọ́n á pa á tán wọ́n á gbé orí ẹ̀ lọ kọ́ sí pálọ̀. Àwọn míì, egungun wọn ni wọ́n ń kó lọ tà ní Éṣíà. Lọ́dún 2017 ìjọba South Africa fàṣẹ sí i pé kí wọ́n kó egungun odindi kìnnìún 800 jáde, ilé ẹjọ́ ló wá sọ lọ́dún 2019 pé àṣẹ ọdún yẹn àti ti 2018 tó tẹ̀ lé e ò bófin mu. Kìnnìún tó wà nínú ọgbà àwọn olówò yìí tó nǹkan bí 8,000, wọ́n pọ̀ ju àwọn tó wà nínú igbó orílẹ̀-èdè náà lọ dáadáa. Lọ́dún 2021 Barbara Creecy tó jẹ́ mínísítà àyíká nígbà náà kéde pé àwọn máa fòpin sí kí wọ́n máa sin kìnnìún fún òwò, àti sí kí àlejò máa sanwó fọwọ́ pa ọmọ kìnnìún lára, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ.

Ẹ ò dárúkọ ibi tọ́mọ yín rí, n ò sì ní dá wọn lẹ́bi láìrí wọn. Ẹ ní kó kọ̀wé sí wọn kó bi wọ́n léèrè: ọmọ kìnnìún tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, níbo lẹ ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Èyí tẹ́ ẹ ní ẹ dá padà sínú igbó, ọdún wo ni, igbó wo ni? Ṣé ẹ ń jẹ́ kí wọ́n bímọ níbẹ̀? Ṣé ẹ ti ta ìkankan rí? Ibi tó bá jẹ́ ti òótọ́ á dáhùn tìdùnnútìdùnnú, kódà wọ́n á sọ ju ohun tẹ́ ẹ bèèrè lọ torí wọ́n ti rí ojú wọn níbi iṣẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ fọ́tò míì ni wọ́n tún fi ránṣẹ́, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Daphne Sheldrick fún yín, kọ́mọ yín náà lè gbọ́. Kenya ni obìnrin yìí gbé ayé ẹ̀, ọdún 2018 ló kú, iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni títọ́ ọmọ erin tí wọ́n pa ìyá wọn nítorí eyín. Tẹ́lẹ̀ ọmọ erin tó bá ṣì wà lẹ́nu ọmú kì í yè tí ìyá ẹ̀ bá kú, ọ̀rá inú wàrà màlúù ò bá inú wọn lára mu, obìnrin yìí ló gbìyànjú títí tó fi rí i pé òróró àgbọn ló sún mọ́ ti ìyá wọn. Erin kékeré kan tó ń jẹ́ Aisha ló fi bẹ̀rẹ̀. Aisha ń mu ún, ara ẹ̀ ń dán, ó di ọdún 1974 tọ́mọ obìnrin yìí ń ṣègbéyàwó, ìyá ìyàwó wá kúrò nílé fún ọjọ́ díẹ̀. Aisha ò jẹ, kò mu, títí tó fi kú. Látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pààrọ̀ àwọn tó ń tọ́jú wọn, ẹni tó sùn ti ọmọ erin yìí lónìí kọ́ ló máa sùn tì í lọ́la, kí ọkàn ẹ̀ má bàa so mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọmọ ẹranko bá lè kú torí pé ẹni tó ń tọ́ ọ lọ síbi ìyàwó, kí la fẹ́ wí nípa ẹni tó wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tó ń gbé e sáyà tàárọ̀ tọ̀sán talẹ́, tó wá bá bàálù lọ lọ́jọ́ Àìkú, tí ẹlòmíì tún dé lọ́jọ́ Ajé? Àwọn tó mọṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kí àlejò tọ́ ọmọ ẹranko.

Ẹ má bá ọmọ yín jà o, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó ń wá dáa. Ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ jọ wo àwọn ibùdó tó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ PASA, ọdún 2000 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀ ní Uganda, àwọn ibi tó ń tọ́jú ìnàkí àti oríṣiríṣi ọ̀bọ káàkiri Áfíríkà ló para pọ̀ ṣe é. Kó mú lára wọn. Kó sì jẹ́ kó yé òun pé òun lè lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lódindi kóun má fọwọ́ kan ẹranko kankan, pé ibẹ̀ ló dáa jù nìyẹn.

Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Ìmọ̀ ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́ ni mo kà, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ ò tíì sí. Mo fẹ́ lọ ṣe fọlọ́ńtíà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìnàkí, bóyá Zambia tàbí Uganda, mo rò pé á ràn mí lọ́wọ́ tí mo bá ń wáṣẹ́. Gbogbo ibi tí mo wò pátá ni wọ́n ti ń gbowó. Ṣé ó bójú mu kéèyàn sanwó kó tó ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́? Àbí wọ́n fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni?
Ọmọ Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, o ò jẹ̀bi tó o fi bèèrè. Ẹni tí ò níṣẹ́, tí wọ́n ní kó san owó kó tó wá fọ ilé ìnàkí, ó gbọ́dọ̀ bèèrè.

Ìnàkí tí mò ń sọ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Ó lè lo àádọ́ta ọdún láyé, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gba ọmọ ìnàkí kan sílẹ̀ lónìí ti gba iṣẹ́ tọ́mọ ẹ̀ náà á bá níbẹ̀. Wo Chimfunshi ní Zambia tó o dárúkọ yẹn. Oko màlúù ni tẹ́lẹ̀, Sheila Siddle àti ọkọ ẹ̀ David ló ni ín nígbà náà, ọdún 1983 ni ẹ̀ṣọ́ ìgbẹ́ kan gbé ọmọ ìnàkí kan wá fún wọn, wọ́n ti ṣe é léṣe lójú lẹ́nu, ó ń kú lọ. Wọ́n tọ́jú ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Pal. Zambia ò ní ìnàkí nínú igbó tiẹ̀ o, láti Congo ni wọ́n ti ń fi fàyàwọ́ kó wọn gba ibẹ̀ kọjá, ni àwọn èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èyí tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ wá fún wọn, oko màlúù di ilé ìnàkí, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún tó wà níbẹ̀ báyìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹun, èso, ewébẹ̀, àti ṣìmá tí wọ́n fi àgbàdo rò, ó jọ túwó tiwa. Kò sí kóbọ̀ tí ìnàkí ń mú wọlé. Wáyà iná tí wọ́n fi yí igbó wọn ká ń bàjẹ́, dókítà ẹranko ń gbowó oṣù, àwọn ọmọ ìlú tó ń tọ́jú wọn náà níyàwó nílé. Ibẹ̀ lowó tó o máa san ń lọ, pẹ̀lú oúnjẹ tìẹ àti ibi tó o máa sùn. Torí náà kì í ṣe jìbìtì tó bá jẹ́ ibùdó tòótọ́. Ṣùgbọ́n bèèrè lọ́wọ́ wọn iye tó ń lọ sí ibùdó gan-an, torí àwọn ilé iṣẹ́ alágbàtà kan wà láàárín tí wọ́n ń gba owó ńlá lọ́wọ́ fọlọ́ńtíà tí ìwọ̀nba díẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ ẹranko. Ibùdó fúnra ẹ̀ ni kó o kọ̀wé sí. Sọ ohun tó o kà fún wọn, má kàn pe ara ẹ ní fọlọ́ńtíà, bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko wọn, bi wọ́n bóyá owó ọmọ Áfíríkà yàtọ̀.

Tó o bá débẹ̀, ọ̀bẹ lo máa dì mú. Wàá gé èso, wàá fọ garawa, wàá gbá ibi tí wọ́n sùn, wàá já ewé, wàá ṣe ohun ìṣeré tí wọ́n á fi oúnjẹ pa mọ́ sí kí ìnàkí lè fi ọgbọ́n yọ ọ́ jáde kó má bàa sú u. Wàá jókòó pẹ̀lú ìwé, wàá máa kọ ẹni tó bá ẹnìkan jà àti ẹni tó ń yọ iná lára ẹnìkejì ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kó o wọlé tọ ìnàkí tó ti dàgbà, agbára ẹ̀ ju tìẹ lọ fíìfíì, àní ẹranko tó mọ èèyàn dáadáa ṣì jẹ́ ẹranko. A rántí kìnnìún tó pa ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lóṣù Kejì ọdún 2024, onítọ̀hún ti ń bọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọlọ́run bá wa tu ìdílé ẹ̀ nínú.

Ohun kan tún wà tó o máa rí tó máa ṣe ẹ́ ní kàyéfì, àwọn abo ìnàkí ní Ngamba ní Uganda, erékùṣù kan láàárín adágún Victoria tí wọ́n ṣí lọ́dún 1998, ìfètòsọ́mọbíbí ni wọ́n ń ṣe fún wọn. Torí àyè. Ọmọ kan tó bá bí níbẹ̀ ti gba àyè ọmọ aláìníyàá tó ń bọ̀. Tó o bá wá fi èyí wé ọ̀rọ̀ kìnnìún tí mo sọ lókè yẹn, wàá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó ń tọ́jú ẹranko àti ẹni tó ń fi ẹranko ṣòwò.

Àmọ́ kí ló dé tó o fi fẹ́ lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Sierra Leone wà nínú ECOWAS, páàspọ́ọ̀tù ẹ tó fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, kò sí pé ò ń wá físà. Tacugama wà nínú igbó òkè nítòsí Freetown, Bala Amarasekaran ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1995, ogun jà níbẹ̀, Ebola jà níbẹ̀, ibùdó ò kú. Lọ́dún 2019 ìjọba wọn fi ìnàkí ṣe ẹranko orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́dún 2025 wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn èèyàn ń gé igbó tó yí wọn ká wọ́n ń kọ́lé sí i, nítorí náà kọ̀wé kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kódà má wulẹ̀ kúrò ní Nàìjíríà. Pandrillus ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Cross River látìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ, ní Calabar àti lókè Afi, wọ́n ń tọ́jú ìnàkí àti drill, ìyẹn ọ̀bọ ńlá olójú dúdú kan tí kò sí níbòmíì láyé àfi Cross River, apá kan Cameroon, àti erékùṣù Bioko. Ọmọ ilẹ̀ wa mélòó ló ti rí drill rí? Mo fẹ́ kó jẹ́ àwọn bíi tìẹ ló máa wà níbẹ̀.

Kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, wá yẹ́lò káàdì ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà láìgún abẹ́rẹ́ o. Ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife. Wọ́n á bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis, èéyi, rọpárọsẹ̀, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ wọn á tún bèèrè ti ajá dìgbòlugi. Ibi tí wọn ò bá bi ẹ́ léèrè nǹkankan nípa ìlera ẹ, tó jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n yára fi ránṣẹ́, sá fún wọn.

Ẹ kú ojúmọ́ mà. Èmi àti ọkọ mi ti sanwó láti lọ ṣe fọlọ́ńtíà lọ́dọ̀ àwọn ìnàkí ní Uganda, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wọ bàálù. Ọkọ mi ti wá ń ṣọ̀fìnkìn láti ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wúkọ́ díẹ̀. Ó ní òtútù lásán ni, ká má sọ fún wọn kí wọ́n má bàa dá wa dúró. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?
Ìyàwó ilé kan, Houston

Ẹ sọ fún wọn, lónìí. Ọ̀fìnkìn tí ọkọ yín á fi ata gbígbóná lé lọ lè pa ìnàkí. Ara wọn sún mọ́ tiwa débi pé àìsàn wa ń ràn wọ́n, ṣùgbọ́n ara wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Ní Kanyawara, ní Uganda tẹ́ ẹ̀ ń lọ yẹn gan-an, lọ́dún 2013, ìnàkí 56 ló wà nínú agbo kan nínú igbó, kòkòrò ọ̀fìnkìn èèyàn wọ àárín wọn, ó pa márùn-ún, ọmọdé wà nínú wọn. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú igbó Taï ní Côte d'Ivoire ṣáájú ìgbà yẹn. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ sún un. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dúró fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ibi oúnjẹ wọn, kẹ́ ẹ fi ìbomú bo imú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ọkọ yín pé mo kí wọn, ara á yá.

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ni mo ti rí ọmọ ọ̀bọ kan tí wọ́n so okùn mọ́ nídìí, ó ń gbọ̀n, àánú ẹ̀ ṣe mí, mo rà á kí wọ́n má bàa sè é jẹ. Mo fẹ́ gbé e lọ fún ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, kí èmi náà sì máa lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé mo ṣe dáadáa?
Ọkùnrin kan, Ìbàdàn

Àánú ẹ dáa, àbúrò mi, owó tó o san ni ò dáa, má sì bínú sí mi. Ọmọ ọ̀bọ kì í fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀, ara ìyá ẹ̀ ló máa ń dì mọ́, ìyá ẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn pa kí wọ́n tó rí i mú. Ẹni tó tà á fún ẹ ti tà ẹran ìyá, ó tún wá ta ọmọ, tó bá sì ti rí i pé ọmọ ń mówó wá, á tún lọ wá òmíràn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn ibùdó gidi kì í fi í ra ẹranko láé, Pandrillus kì í san kóbọ̀, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ẹ̀, ó parí. Odídẹrẹ́ náà ńkọ́, tí a ń lo ìkóódẹ ẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n kó wọn nínú igbó tà títí débi pé lọ́dún 2016 ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣèpàdé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ dìbò pé kò gbọ́dọ̀ sí títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti ìlú kan sí òmíràn mọ́. Ibùdó Limbe ní Cameroon ti gba èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kó wọn jáde, inú àpótí ni wọ́n há wọn mọ́.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ báyìí, má tú u sílẹ̀ nínú igbó kankan, kò ní yè níbẹ̀ lóun nìkan. Má jẹ́ kọ́mọdé máa gbé e, ó lè géni jẹ, ó sì lè kó àìsàn ran àwọn ọmọ ẹ, àwọn náà lè kó o ràn án. Fi sí ibi tó gbóná, tó dákẹ́, tí ajá ò lè dé. Pe àwọn NESREA, àwọn ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣọ́ òfin ẹranko ìgbẹ́, kó o sì pe ẹ̀ka igbó nílé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n á gbé e lọ, ibẹ̀ lo lè ti bi wọ́n bóyá wọ́n nílò ẹni tó máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Kọ ọjọ́ tó o rà á sílẹ̀, àti ibi tẹ́ni tó tà á dúró sí gan-an lójú ọ̀nà yẹn, torí wọ́n á bi ẹ́.